Ta ló fi agbára kún un? Ohun tí ọ̀pá, púlì àti jáàkì ń ṣe gan-an

Òbí kan kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: "Ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, kà á nínú ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀ pé ẹ̀rọ máa ń mú kí iṣẹ́ rọrùn. Lójú ewé míì nínú ìwé kan náà, wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè dá agbára, kò sì sẹ́ni tó lè pa á run. Ó wá bi mí pé: bí ọmọdé bá fi ọ̀pá gbé ẹrù tí kò lè fi ọwọ́ lásán gbé, ta ló fi agbára tó kù kún un? Mo wá èsì títí, mi ò rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa là á yé."

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Gbólóhùn méjì tó jọ pé wọ́n ń ta ko ara wọn ni ọmọ yín rí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kà wọ́n kọjá láìfura, wọ́n á sì gba máàkì lórí méjèèjì.

Èsì kúkúrú nìyí: kò sẹ́ni tó fi agbára kankan kún un. Ọmọ náà ló san gbogbo agbára tí ẹrù náà gbà kó tó gòkè, kò dín rárá. Ohun tí ọ̀pá ṣe fún un ni pé ó jẹ́ kó san án díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí a bá pín gbèsè ńlá sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọ́n bá a fi kún un lóòótọ́, tí nǹkan yẹn kì í ṣe agbára. Ipá ni. Níbi tí ipá àti agbára ti yàtọ̀ síra ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé, ibẹ̀ náà ni màá sì ti pẹ́ jù.

Ipá ni títì tàbí fífà. Newton ni a fi ń wọ̀n ọ́n, orúkọ Isaac Newton tó tẹ òfin mẹ́ta lórí bí nǹkan ṣe ń rìn jáde ní ọdún 1687. Ohun tó bá jẹ́ kìlò 1, ilẹ̀ ayé ń fà á mọ́ra pẹ̀lú ipá tó tó Newton 9.8. Kí ìṣirò má baà nira fún ọmọ, màá pè é ní 10.

Agbára ní tirẹ̀ ni ohun tí a ń ná nígbà tí ipá bá sún nǹkan kúrò níbi tó wà. Bí ipá bá ṣe pọ̀ tó, àti bí nǹkan náà bá ṣe rìn jìnnà tó lójú ọ̀nà tí ipá ń tì í sí, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí a ná á ṣe pọ̀ tó. Ẹ sọ iye Newton di ìlọ́po iye mítà tí nǹkan náà rìn, iye Joule tí a ná lẹ rí yẹn. Ohun tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní iṣẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ̀dùn ọkàn sí gbólóhùn "ẹ̀rọ máa ń mú kí iṣẹ́ rọrùn". Ká ní ó wà lọ́wọ́ mi, mo ti yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ìwé ọmọdé. Ẹ̀rọ kì í dín iṣẹ́ kù. Ipá tí ọwọ́ wa nílò ló ń dín kù, ó sì máa ń gba ìrìn tó gùn sí i dípò rẹ̀.

Kí n tó lọ síbẹ̀, ọmọ yín máa fẹ́ mọ̀ ìdí tó fi máa ń rẹ ẹni tó ń ti ògiri. Ògiri kò sún, nítorí náà iṣẹ́ tí a ṣe lára ògiri jẹ́ òdo, síbẹ̀ òógùn ń bọ́. Inú iṣan ni agbára yẹn ń lọ. Kí iṣan tó lè dúró gbagidi, àwọn fọ́nrán kéékèèké inú rẹ̀ ń fà, wọ́n ń jọ̀wọ́ ara wọn, wọ́n tún ń fà láìsinmi. Wọ́n ń sun agbára tí a rí nínú oúnjẹ, ó sì ń di ooru lára wa. Ògiri ò gba nǹkan kan níbẹ̀. Bí a bá gbé ọ̀pá irin ti ògiri yẹn dípò ọwọ́ wa, ó lè ti ògiri fún ọgọ́rùn-ún ọdún láìná Joule kan ṣoṣo. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa padà nílò ohun tó lè tì láìná nǹkan kan.

Ó yá, ọ̀pá. Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Ẹrù kan jẹ́ kìlò 60, ìyẹn ni pé ilẹ̀ ń fà á pẹ̀lú Newton 600. A ti ọ̀pá gígùn kan bọ abẹ́ rẹ̀, a fi òkúta ṣe ìtìlẹ̀ fún ọ̀pá náà. Láti ìtìlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹrù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Láti ìtìlẹ̀ dé ibi tí ọmọ ti di ọ̀pá mú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120. Apá ọ̀dọ̀ ọmọ gùn tó ìlọ́po mẹ́fà apá ọ̀dọ̀ ẹrù, nítorí náà Newton 100 péré ló máa fi tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀. Archimedes ará Syracuse ti fi ìṣirò fìdí òfin yìí múlẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, kò sì tíì yẹ̀.

Ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ náà. Kí ẹrù tó gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 10, ọwọ́ rẹ̀ ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60. Newton 100 ní ìlọ́po mítà 0.6 jẹ́ Joule 60. Lọ́dọ̀ ẹrù, Newton 600 ní ìlọ́po mítà 0.1 jẹ́ Joule 60. Ohun tó wọlé náà ló jáde. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ lásán gbé ẹrù kan náà sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10 á ná Joule 60 náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo Newton 600 ló máa fi gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, apá rẹ̀ kò sì ní gbà á.

Ọmọ tó bá mú ọpọlọ dání lè dá yín dúró níbí, kó ní: "Newton 100 á kàn jẹ́ kí ọ̀pá dúró dọ́gba ni, kí ló máa mú un dìde?" Òótọ́ ló sọ. Ó nílò kó fi díẹ̀ kún un kí ọ̀pá tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń yí, òfin àkọ́kọ́ tí Newton kọ sọ pé ohun tó ń rìn á máa rìn bí kò bá sí ipá tó ṣẹ́ kù láti dá a dúró. Nítorí náà Newton 100 tó fún un láti máa lọ wẹ́rẹ́. Díẹ̀ tó fi kún un níbẹ̀rẹ̀, ìrìn ẹrù náà ló gbà á, ó sì máa padà rí i gbà nígbà tó bá fẹ́ dá a dúró lókè.

Ní báyìí, ìbéèrè ọmọ yín gan-an. Ọmọ tẹ ọ̀pá pẹ̀lú Newton 100, ẹrù rí Newton 600 gbà. Níbo ni Newton 500 tó kù ti wá?

Ọwọ́ òkúta ìtìlẹ̀ ló ti wá. Ẹrù ń tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀ lápá kan, ọmọ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lápá kejì, òkúta nìkan ló ń ti gbogbo rẹ̀ sókè láàárín pẹ̀lú Newton 700. Òkúta yìí ló ń ṣe wàhálà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sì gbé e dúró. Àmọ́ òkúta kò rìn. Newton 700 ní ìlọ́po ìrìn tó jẹ́ òdo, Joule òdo ni. Bíi ti ọ̀pá irin tó ń ti ògiri ni: ó ń tì, kò ná nǹkan kan. Ohun tó yẹ kí ọmọ náà di mú nìyí: wọ́n lè fi ipá kún ipá wa lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ohun tó bá dúró gbagidi lè ti nǹkan láìná agbára. Òfin tó ní a kò lè dá agbára, tí a kò sì lè pa á run, kò dá sí ọ̀rọ̀ ipá rárá. Gbólóhùn méjèèjì inú ìwé rẹ̀ ò bára wọn jà mọ́.

Púlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gba ojú rẹ̀ kọjá, ló ń fi èyí hàn kedere jù, lójú tèmi, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀pá ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká so okùn mọ́ igi àjà. Okùn náà sọ̀ kalẹ̀, ó gba abẹ́ púlì tí ẹrù Newton 600 so rọ̀ sí, ó sì padà sókè sọ́wọ́ ọmọ. Okùn méjì ló wá gbé ẹrù: ọ̀kan wà lọ́wọ́ igi àjà, èkejì wà lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n pín in dọ́gba, Newton 300 fún igi, Newton 300 fún ọmọ. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó dúró lókè níbẹ̀, ojú ń rí i. Ṣùgbọ́n kí ẹrù tó gòkè ní mítà 1, okùn méjèèjì ní láti kúrú ní mítà 1 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Igi àjà kò lè fa okùn tirẹ̀. Ọmọ ló máa fa mítà 2 jáde: Newton 300, mítà 2, Joule 600. Ìdajì ipá ni igi gbà á sílẹ̀, kò gba ìdajì Joule kan sílẹ̀ nínú agbára.

Púlì tí kò sí lórí ẹrù, tó wà lójú kan lórí igi àjà, kò dín ipá kù rárá. Ọmọ á fa Newton 600 gbáko. Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé ó ń fà á sísàlẹ̀, ó sì lè fi ìwúwo ara rẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ wo igi náà: ẹrù ń fà á sísàlẹ̀ pẹ̀lú 600, ọmọ ń fà á sísàlẹ̀ pẹ̀lú 600 míì. Newton 1,200 ló wà lọ́rùn rẹ̀ láti gbé ẹrù Newton 600. Ẹni tó bá rò pé igi tó gba ẹrù náà dúró ní síso lásán máa gbà á pẹ̀lú púlì lè rí i kí igi náà já lé òun lórí.

Pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò ní gbà wá lákòókò. Bí pákó mítà 3 bá gun orí ohun tó ga ní mítà 1, ìdá kan nínú mẹ́ta ipá ló máa gba ẹni tó ń ti ẹrù gòkè, ìrìn rẹ̀ á sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Pákó fúnra rẹ̀ ló ń ti ẹrù sókè láti abẹ́ pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́ kù. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni bí Simon Stevin, ọmọ ilẹ̀ Flanders, ṣe fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1586. Ó ní ká ro ẹ̀wọ̀n tó ní bọ́ọ̀lù lára, tó yí òkè kékeré kan po, tí ẹ̀gbẹ́ kan òkè náà gùn tó sì tẹ́jú, tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì kúrú tó sì ga fíofío. Bọ́ọ̀lù pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gùn. Tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan bá wúwo dọ́gba lójú ọ̀nà méjèèjì, ẹ̀wọ̀n náà á máa yí lọ fúnra rẹ̀ láéláé. Ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀, ni Stevin wí. Nítorí náà, ipá tí bọ́ọ̀lù tó wà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú fi ń fà ní láti kéré sí ti èyí tó wà lójú ọ̀nà tó ga, kí gbogbo rẹ̀ lè bára dọ́gba. Ó rí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ pé kò sí ẹ̀rọ tó lè máa ṣiṣẹ́ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn ṣì ń mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá fún nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn rẹ̀, títí Ilé Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì Gíga ti Paris fi kéde ní ọdún 1775 pé àwọn kò ní yẹ èyíkéyìí wò mọ́.

Gbogbo ìṣirò tí mo ti ṣe bọ̀ yìí gbà pé nǹkan ò fara kínra wọn. Nínú ayé, wọ́n ń fara kínra. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn jáàkì onísukúrù tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò sókè. Sukúrù jẹ́ pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n wé mọ́ irin. Ká ní apá tí a fi ń yí i gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí ìyípo kan ṣoṣo sì ń gbé mọ́tò ní mìlímítà 5 péré. Ọwọ́ á rin nǹkan bíi mítà 2.5 nínú ìyípo kan, ìyẹn jẹ́ ìlọ́po 500 ohun tí mọ́tò rìn. Ẹrù Newton 5,000 yẹ kó gba Newton 10 lọ́wọ́ wa. Kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu sukúrù ń ha ara wọn, ó sì lè gba Newton 33. Láti gbé mọ́tò ní sẹ̀ǹtímítà 10, a máa yí i nígbà 20, ọwọ́ á rin mítà 50, a ó ná Joule 1,650. Mọ́tò gba 500 nínú rẹ̀. Ibo ni 1,150 tó kù wà?

Ó ti di ooru nínú irin. James Prescott Joule, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1818, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n yìí, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ̀n ọ́n láàárín 1840 sí 1850. Ó jẹ́ kí òkúta ìwọ̀n máa sọ̀ kalẹ̀, kí okùn rẹ̀ máa yí àjẹ̀ kékeré nínú omi, ó sì ń wo bí omi náà ṣe ń lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ sí i. Ìyàtọ̀ tó ń rí kéré gan-an, nítorí kí omi kìlò 1 tó fi ìwọ̀n kan lórí Celsius gbóná sí i, ó gba nǹkan bíi Joule 4,200. Agbára yẹn lè gbé ẹrù wa tó jẹ́ kìlò 60 gòkè ní mítà 7. Ìdí nìyí tí a fi ń rò pé agbára ti parun: ó ti di ooru díẹ̀ tí ọwọ́ wa kò lè mọ̀ lára.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín rò pé ọ̀tá lásán ni ìfarakínra yìí. Bí a bá fi ọwọ́ kúrò lára jáàkì yẹn, mọ́tò kò ní wá sílẹ̀. Ìfarakínra ló dì í mú. Nígbà tí a ń gbé mọ́tò, ó jẹ ju ìdajì agbára tí a ná lọ. Nígbà tí mọ́tò náà bá fẹ́ fi ìwúwo ara rẹ̀ yí sukúrù padà, kò ní tó láti borí rẹ̀. Jáàkì onísukúrù tí kò fi agbára ṣòfò máa jẹ́ ikú fún ẹni tó wà lábẹ́ mọ́tò.

Gbogbo ẹ̀rọ kọ́ ló ń dín ipá kù o. Apá tiwa gan-an ń ṣe òdìkejì. Iṣan iwájú apá so mọ́ egungun ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí ìgúnpá, àtẹ́lẹwọ́ sì wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 32. Bí a bá gbé kìlò 5 dání, tí ìgúnpá tẹ̀, iṣan ní láti fa bíi Newton 400, ìlọ́po mẹ́jọ ẹrù. Àdánù ńlá nìyẹn lójú ẹni tó gbà pé ẹ̀rọ wà fún ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí iṣan bá kúrú ní sẹ̀ǹtímítà 1, ọwọ́ á ti rin 8, ìyára la rà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú: ẹsẹ̀ ń tẹ pédà pẹ̀lú ipá tó pọ̀ lórí ìrìn kékeré, táyà ń ti ilẹ̀ pẹ̀lú ipá tó kéré lórí ìrìn tó gùn.

Tí wọ́n bá fẹ́ rí i fúnra wọn nílé, rúlà sẹ̀ǹtímítà 30, owó ẹyọ mẹ́ta tó bára mu àti pẹ́ńsù kan ti tó. Ẹ yan pẹ́ńsù tó ní igun, torí èyí tó rí róbótó á máa yí kiri. Ẹ gbé rúlà lé e ní ojú 15. Ẹ fi owó ẹyọ méjì, ọ̀kan lórí èkejì, sí sẹ̀ǹtímítà 5 sí àárín lápá kan. Kí ẹ tó fún un ní ẹ̀kẹta, ẹ ní kó sọ ibi tó máa gbé e sí, kó sì sọ ìdí. Sẹ̀ǹtímítà 10 sí àárín lápá kejì ni, láti àárín owó ẹyọ ni kí ó sì ti wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, kó tẹ rúlà díẹ̀ lápá tó ní owó ẹyọ kan, kó wọn bí ibẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó àti bí méjì yẹn ṣe gòkè tó. Ìwọ̀n yẹn á kéré, á sì yẹ̀ díẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ fún un pé ó ṣe é kò tọ́. Kó tún un wọ̀n.

Tó bá ṣe ìyẹn tán, ẹ fún un ní iṣẹ́ púlì lórí ìwé: okùn mẹ́rin ló gbé ẹrù Newton 600, ọ̀kan péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló ń fà, mítà mélòó ló máa fà kí ẹrù tó gòkè ní mítà 1, ta ló gbé ìyókù? Bó bá dáhùn ìbéèrè kẹta láìjẹ́ pé ẹ ràn án lọ́wọ́, ó ti ní èsì ìbéèrè tó bi yín.